Kílípà fún Orí Apárí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí mo bá wí fún yín pé orí ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Apárí ni èmi. Ọdún mi kò tí ì ju 31 lọ nígbà tí irun iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo sì fi pé ẹni ọdún 45, àtàrí mi ti ń dán, ó wá ku ti ẹ̀bá etí àti ti ìpàkọ́ nìkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún bàbá mi ṣáájú mi. Àwọn kan a máa wí pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni orí pípá ti ń wá, àwọn mìíràn a ní àmì owó ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa pé ènìyàn lè jogún rẹ̀ láti ìhà bàbá tàbí láti ìhà ìyá. Ní ti owó, èmi kò tí ì rí i.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé apárí fojú di abẹ. Èmi kò lè fojú di í, nítorí irun díẹ̀ tí ó kù yìí gan-an ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú jù. Bí ó bá hù fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí mi a dàbí àgbàlá tí a gbá àárín rẹ̀ mọ́, tí a sì fi koríko sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Ohun tí ó yẹ irú orí bẹ́ẹ̀ ni kí a gẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ dọ́gba, kí ibi tí ó ní irun má baà yàtọ̀ gédégbé sí ibi tí kò ní.

Ní Mowe tí mo ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilé onígbàjámọ̀ kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ wọn, títí di ìgbà tí làpálàpá yọ sí mi ní ìpàkọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú mi ṣàlàyé pé bí a bá fi kílípà kan gẹ orí ènìyàn púpọ̀ láìfọ̀ ọ́ mọ́, ó lè gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀ láti orí kan dé orí kejì. Bí ó bá sì gé ara tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ewu àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ń bẹ níbẹ̀, nítorí kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè lára ohun èlò fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ kúkú ra kílípà tiyín, kí a máa gẹ ẹ́ nílé.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó náwó. Ní Ibafo, ní etí títì, ni mo ti ra èkíní, nítorí pé ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní alẹ́ Sátidé ni a bẹ̀rẹ̀. Dípò kí ó gé irun, ńṣe ni ó ń fà á tu. Ìyàwó mi kò sì tí ì parí apá ọ̀tún tí bátìrì rẹ̀ fi kú. Kò sí iná mànàmáná ní òru náà, bẹ́ẹ̀ ni kílípà yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí wáyà. Ọkùnrin kì í sì í dé fìlà nínú ilé ìsìn tiwa. Ní ọjọ́ kejì mo jókòó sí ìjókòó ìkẹyìn pátápátá, mo kọ ẹ̀gbẹ́ tí a kò gẹ sí ara ògiri.

Èkejì, àbúrò mi ni ó fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ohun tí ó dára ni, ṣùgbọ́n bí mo ti fi í bọ iná ni ó han gooro, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Irú kílípà yìí ti pẹ́ láyé: ní ọdún 1919 ni Leo Wahl, ní ìlú Sterling ní ìpínlẹ̀ Illinois, béèrè ìwé àṣẹ fún kílípà oníná tirẹ̀. Wáyà tí a wé mọ́ irin ni ó wà nínú rẹ̀. Bí iná bá ń gba inú wáyà náà kọjá, irin náà a di òòfà, a sì máa fa apá kékeré kan lọ bọ̀, apá yìí ni ó ń mi abẹ. Nítorí náà, iná tí a ṣe é fún nìkan ni ó gbọ́dọ̀ máa jẹ. Iná ti Amẹ́ríkà jẹ́ fọ́ltì 120, ó sì ń yí nígbà 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa jẹ́ fọ́ltì 230, ó ń yí nígbà 50. Bí a tilẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń dín fọ́ltì kù sí i, kì yóò gbọ̀n bí ẹni tí ó ṣe é ti fẹ́. Èyí tí ó bá ti Ìlú Ọba wá sàn jù, nítorí iná wọn àti tiwa dọ́gba. Ẹ máa ka ohun tí a kọ sí ìdí kílípà kí ẹ tó fi í bọ iná.

Kí n tó ra ẹ̀kẹta, mo ti kọ́gbọ́n. Mo wá èyí tí ó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́, tí ó sì tún lè ṣiṣẹ́ nígbà tí wáyà rẹ̀ wà lára iná. Mo fi ìka kan abẹ rẹ̀ kí n tó sanwó, mo rí i pé eyín abẹ tí ń mì fi díẹ̀ wà lẹ́yìn eyín èyí tí ó dúró jẹ́ẹ́; bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba jù, wọn a máa bu awọ orí jẹ níbi tí kò sí irun tí yóò gbà á. Mo tún wo àwọn òòyà kékeré oníke tí a ń fi sí ẹnu rẹ̀: lára ọ̀pọ̀ kílípà, nọ́ńbà 1 a máa fi irun sílẹ̀ ní mìlímítà 3, nọ́ńbà 2 ní mìlímítà 6. Paríparí rẹ̀, mo fi í lé ìyàwó mi lọ́wọ́, mo bi í bóyá ó wúwo. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò gẹ ìpàkọ́ mi, ọwọ́ náà ni kílípà gbọ́dọ̀ bá mu.

Ní báyìí, a máa ń dojú kílípà kọ ibi tí irun ń hù sí, à ń rọra lọ; ṣùgbọ́n ní ìpàkọ́ a kì í gẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, nítorí àwọn kókó wẹ́wẹ́ a máa yọ níbẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúdú. Bí a bá parí, a ó gbọn irun kúrò, a ó fi sípírítì nu abẹ, a ó sì kán òróró ẹ̀rọ ẹ̀kán kan tàbí méjì sí i. Òróró tí a fi ń dáná kò dára fún un, a máa dì mọ́ ọn lára.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kílípà ti parí níbẹ̀, àfi ìgbà tí mo lọ kí bàbá mi ní Ifọ̀. Òṣìṣẹ́ ojú irin ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀bá ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 náà ni wọ́n sì ń gbé títí di òní. Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, kílípà kan tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ni ìyá wa fi ń gẹ orí wọn. Ó di ọdún mẹ́ta nísinsìnyí tí ìyá wa ti kú, bàbá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí wọn mọ́. Irun funfun bo etí wọn, inú ilé pàápàá ni wọ́n ti ń dé fìlà. Nígbà kan tí àwa ọmọ mú onígbàjámọ̀ wá sílé, wọ́n lé e padà, wọ́n ní, “A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ta ni ẹ bi léèrè?”

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n tẹjú mọ́ orí mi pẹ́. Wọ́n ní, “Ta ni ó gẹ ẹ́?”

Mo dáhùn pé, “Ìyàwó mi ni, Bàbá.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá yín náà ni í máa gẹ tèmi.” Nígbà tí mo dìde láti máa lọ ni wọ́n wí pé, “Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, mú nǹkan náà dání.”

Mo mú un lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n béèrè ibi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ tàn án sí apá ara mi kí wọ́n lè rí i pé kò bu ara jẹ. Nígbà náà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí fìlà. Awọ orí àgbàlagbà fẹ́lẹ́, nítorí náà òòyà nọ́ńbà 1 ni mo lò. Èmi kò tí ì fọwọ́ kan orí bàbá mi rí láyé mi títí di ọjọ́ náà. Nígbà tí mo parí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí láti iwájú dé ìpàkọ́, wọ́n ní, “Ti ìyá yín kì í pariwo tó báyìí.” Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n gbé omi ìwẹ̀ wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ sí Ifọ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá àgbà tí kò ṣí fìlà mọ́ nínú ilé, ẹ má tí ì wá onígbàjámọ̀ fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ ta ni wọ́n ń fẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
APÁRÍ TI MOWE.