Ìwé Tí Kò Ní Orúkọ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó díẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì ní í gé e kúrú. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó fi àǹkárá bo ìwé tó lé ní 6,000, àti ìwé kan ṣoṣo tí èmi náà fẹ́ bò nílé wa ní Igbó-Ọrà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti màámi.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ. Èrúwà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń di pírójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli. Ẹ mọ̀ ọ́n: páálí líle, awọ dúdú tàbí búlúù, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ọdún tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ̀ sí i lára. Tó bá ti di ìparí sáà, a kì í sùn. Ọ̀gá á máa pariwo, gọ́ọ̀mù á gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́, NEPA á mú iná lọ. Bá a bá sì parí ẹ̀ báyìí, ìwé ọ̀hún á lọ jókòó sórí pẹpẹ kan, ó di kẹ́nikẹ́ni máà ṣí i mọ́ nìyẹn. Èmi gan-an kì í ka inú ẹ̀. Orúkọ ni mo máa ń kà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò iṣẹ́ Yinka Shonibare lórí fóònù, ohun tí mo sọ ni pé, "Ah, iṣẹ́ wa rèé!" Pẹpẹ gíga kún fún ìwé dé òkè, àǹkárá lóríṣiríṣi ni wọ́n fi bò wọ́n, wọ́n sì fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn, ibi tó máa ń kọjú sí wa tí ìwé bá wà ní ìdúró.

Ọmọ wa ni Shonibare. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, Èkó ló ti dàgbà kó tó padà sọ́hùn-ún. Nígbà tó wà níléèwé iṣẹ́ ọnà, olùkọ́ kan bi í pé kí ló dé tí kò ṣe iṣẹ́ ọnà Áfíríkà gidi. Áfíríkà gidi! Ló bá gba ọjà Brixton lọ, ó lọ wo àǹkárá tí gbogbo ayé ń pè ní aṣọ wa. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìtàn aṣọ náà: àwọn ará Indonéṣíà ló ni ọgbọ́n fífi ìda ṣe bátánì sára aṣọ, àwọn òyìnbó Họ́láǹdì wá ń fi ẹ̀rọ ṣe é, wọ́n sì ń kó o wá tà fún wa níwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ Vlisco tí àwọn ìyá wa ń fi aṣọ rẹ̀ ṣe fáàrí, 1846 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Helmond.

Ẹ rò ó wò. Àwa tá a wà ní Ìbàràpá, Abẹ́òkúta tó ni àdìrẹ wà nísàlẹ̀ wa, Ìsẹ́yìn tó ni òfì wà lókè wa. Tó bá jẹ́ aṣọ ilé wa ló ń wá, ibi tí yóò ti rí i wà. Ṣùgbọ́n èyí tó rìnrìn àjò ló mú. Àǹkárá ti jápa kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jápa.

Iṣẹ́ tí mò ń wí yìí, The British Library lorúkọ ẹ̀. Brighton ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàtẹ ẹ̀ lọ́dún 2014, Tate ti rà á báyìí. Ìwé 6,328. Orúkọ àwọn tí wọ́n ṣí wá sí Bìrìtìkó, tàbí tí òbí wọn ṣí wá, tí wọ́n sì di èèyàn níbẹ̀, ló wà lẹ́yìn wọn. Àwọn òǹkọ̀wé wà níbẹ̀ dáadáa: T.S. Eliot, Kazuo Ishiguro, Zadie Smith. Àwọn tí kò fẹ́ kí àjèjì wá náà wà níbẹ̀ o. Mo rí orúkọ Nigel Farage, mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àǹkárá wọ baba yẹn láṣọ, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ìwé tí èèyàn ò lè kà, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Mo ní kó wá wo ṣọ́ọ̀bù wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, wọ́n ti dé. Ẹni tó kúrò nílé tí kò tíì dé ibì kankan ńkọ́?

Ìbejì ni mí. (Igbó-Ọrà, kí lẹ tún ń retí?) Èmi ni Kẹ́hìndé. Ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló máa ń rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò wá. Lọ́dún 2022, Táíwò tún lọ tọ́ ayé wò, àmọ́ èmi kọ́ ni mo rán an lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà aṣálẹ̀ ló gbà. Ohùn tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, Agadez ló ti ṣe é. Ó ní oòrùn ibẹ̀ ò mọ èèyàn, ó ní kí n bá òun kí màámi. Látìgbà náà, kò sí nǹkan kan.

Ìwé kan wà tí kì í fi ṣeré: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti Fágúnwà, tó ti wà láti 1938. Tiẹ̀ ti gbó, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já dànù. Mo ní màá tún un dì, màá fi àǹkárá tí àwa méjèèjì jọ wọ̀ nígbà tá a wà lọ́mọ ọdún márùn-ún bò ó, màá wá tẹ TÁÍWÒ sí i lẹ́yìn.

Mo sọ fún màámi. Wọ́n gbé abọ́ tí wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí nínú ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, ère ìbejì lo fẹ́ gbẹ́ yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀: láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère kékeré fún un. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa wọṣọ fún un, á máa fún un lóúnjẹ bíi ti èyí tó wà láyé.

Mi ò lè fèsì. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ mi kú?"

Ọjọ́ mẹ́ta la ò fi sọ̀rọ̀ gidi. Lọ́jọ́ kẹrin mo gbé fóònù tọ̀ wọ́n lọ, mo fi fọ́tò náà hàn wọ́n. Màámi ò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ẹ wá wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á! "Èyí jọ èyí tá a fi sìnkú bàbá bàbá yín. Irú èyí ni Ìyá Eléwé rà láwìn tí kò san." Wọ́n ń fi ìka sún un lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n dúró. "Ìwọ̀nyí ò ní kíkọ lẹ́yìn. Kí ló dé?"

Mo ní àwọn tí ìtàn wọn ò tíì parí ni wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ fún, àwọn tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú bùbá kékeré méjì jáde. Wọ́n ní, "Gé tìẹ. Má fọwọ́ kan tiẹ̀."

Tèmi ni mo gé. Ó kéré, mo ní láti já a pọ̀ lójú rírán. Gọ́ọ̀mù sì máa ń yọ lójú àǹkárá, á di àbàwọ́n, torí náà mo kọ́kọ́ fi sítáàṣì lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ inú aṣọ náà, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Nígbà tí mo gbé e dé Èrúwà láti tẹ̀ ẹ́ kó le, ọ̀gá mi ti to lẹ́tà sílẹ̀, ó ní kí la fẹ́ kọ. Mo ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù màámi ló wà báyìí. Ti Shonibare, ẹnikẹ́ni kì í ṣí i. Tiwa, tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Sunday, wọ́n á gbé e fún mi, wọ́n á ní kí n kà á sétígbọ̀ọ́ wọn. Àná, wọ́n ní kí n má yára kà á. Ọdẹ ṣì wà nínú igbó.