Báńdì Ska Ilé-Ìwé

*

Láìsí afọnfèrè, kò sí orin ska. Onígìtá kì í bá ìlù rìn. Àlàfo tí ìlù bá fi sílẹ̀ ló ń ki ohùn tirẹ̀ bọ̀. Àmọ́ fèrè ló ń mú ara olùgbọ́ yá gágá. Ìdí nìyí tí orin náà fi bá ilé-ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà lára mu láàárín 1990 sí 2000. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹgbẹ́ afọnfèrè tó ń yan lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ti mọ trumpet fọn, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ saxophone, tí èkejì mọ trombone, kí ló tún kù? Onígìtá kan, onílù kan, àti bàbá tó lè yá wọn ní gáréèjì.

*

Gáréèjì ọ̀hún! Mọ́tò á kọ́kọ́ jáde kí onílù tó ráyè jókòó. Ẹni tó ń fọn trombone á dojú kọ ògiri, torí bó bá na apá fèrè náà tán, ìpàkọ́ onígìtá ló máa gbá. Akọrin á máa pariwo kí fèrè má bàa bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aládùúgbò náà á máa pa tirẹ̀ láti ìta.

*

Ilé-ìwé kúkú ni ska ti mú gbòǹgbò. Ní Kingston, Jamáíkà, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló ń darí Alpha Boys' School, níbi tí ọmọ aláìní pọ̀ sí. Wọ́n ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, ìwé títẹ̀ àti fèrè. Sister Mary Ignatius Davies, tó kú lọ́dún 2003, a máa kó àwo orin jọ, a sì máa gbé e fún àwọn ọmọ gbọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ Skatalites bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964, Don Drummond, Tommy McCook, Johnny Moore àti Lester Sterling, ọmọ Alpha ni gbogbo wọn.

*

Coventry, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1979. Jerry Dammers dá ilé-iṣẹ́ àwo ska 2 Tone sílẹ̀, àmì dúdú-òun-funfun bíi pátákó dráfù gbòde kan. Pauline Black ló ń kọrin fún The Selecter, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ 2 Tone. Ọmọ Yorùbá ni bàbá tó bí i.

*

Lọ́dún 1997, orin ẹgbẹ́ ska Mighty Mighty Bosstones kan, "The Impression That I Get", gba rédíò Amẹ́ríkà kan. Àwọn ọmọ gáréèjì rò pé ó kàn wọ́n. Kasẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ sí lára ni wọ́n ń tà lẹ́yìn òde, ọmọ kíláàsì wọn ló sì ń rà á.

*

Ìjà kọ́ ló sábà ń tú báńdì gáréèjì ká; oṣù kẹfà ni. Àwọn àgbà kíláàsì á gboyè jáde, wọ́n á gba yunifásítì lọ, fèrè ilé-ìwé á padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rọrùn láti wá onígìtá mìíràn. Ta ni yóò rọ́pò afọnfèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

*

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Fún ọmọ Alpha, fèrè niṣẹ́ ọ̀hún: ohun tí yóò fi jẹun nìyẹn bó bá jáde. Ọmọ gáréèjì Amẹ́ríkà lè gbé tirẹ̀ sílẹ̀, kó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Bí a ò bá mọ orúkọ báńdì rẹ̀ lónìí, kì í ṣe àjálù. Ó rí nǹkan mìíràn ṣe jẹ ni.