Jíìpù Lórí Yanrìn Hatteras

Bí ẹ bá dé òde àríyá àwa Yorùbá ní Maryland lọ́jọ́ Sátidé, jíìpù lẹ máa kọ́kọ́ bá níta gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn ló lágbára láti gun òkè Ìdànrè, àmọ́ ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀. Bọ́tìnnì tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà wà níbẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ á máa fi han àlejò, kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Tèmi náà ì bá má kúrò lórí ọ̀dà títí tá á fi gbó, bí kì í bá ṣe ti àwọn ìbejì mi. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan nílé ìwé, wọ́n sì gbọ́ pé ẹni tí kò bá tíì gun ìgbì Hatteras, kò tíì gun nǹkan kan ní gbogbo apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà.

Etí òkun North Carolina ni Hatteras wà, erékùṣù gbọọrọ tí kò fẹ̀, tó na igun rẹ̀ jìnnà sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ibú sún mọ́ ọn gan-an, nítorí náà ìgbì tó gbéra láti ọ̀nà jíjìn ṣì lágbára nígbà tó bá débẹ̀. Oṣù September, tí ìjì líle ń jà lójú agbami, ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn máa ń wọ́ lọ. Yanrìn abẹ́ omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan, ọkọ̀ ojú omi tó sì ti rì lágbègbè náà pọ̀ débi tí wọ́n fi ń pè é ní Itẹ́ Òkú Àtìláńtíìkì. Mi ò sọ èyí fún ìyá ìyàwó mi kí a tó gbéra.

Màmá wá kí wa láti ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ Ayétòrò ni. Òun àti ìyàwó mi ló di ẹrù. Kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kúlà mọ́ínmọ́ín, abọ́ ata díndín, sítóòfù gáàsì kékeré, ìkòkò, àga, agboòrùn, gálọ́ọ̀nù omi, aṣọ òtútù. Pátákó àwọn ọmọ wà lórí òrùlé, wọ́n fi okùn dì í. Nígbà tí mo rí i pé ìdí ọkọ̀ ti wálẹ̀, mo ní ẹrù yìí ti pọ̀ jù fún ohun tó fẹ́ẹ́ wọ yanrìn. Màmá ní, "Bàbá Ìbejì, òkun kì í ta ìrẹsì." Ọ̀rọ̀ parí.

Láti Maryland wọ Virginia, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ inú ihò abẹ́ omi Hampton Roads nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti jókòó sórí afárá Third Mainland rí ò nílò ìròyìn mi. Ẹ̀yìn ìyẹn la bọ́ sórí NC 12, ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba erékùṣù náà já, tí òkun wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tí ọ̀sà wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ìjì bá jà, yanrìn á bo ọ̀dà mọ́lẹ̀, katakata á tún wá kó o kúrò. Nígbà tí apá wọn ò ká a mọ́ lẹ́bàá abúlé Rodanthe, wọ́n gbé ọ̀nà náà kúrò nílẹ̀, wọ́n kọ́ afárá gba orí ọ̀sà, wọ́n sì ṣí i ní 2022. Mo ti rí ọ̀nà tí àwọn èèyàn jẹ owó rẹ̀. Èyí tí òkun fúnra rẹ̀ ń jẹ ni mi ò rí rí.

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ sí Rodanthe ni Màmá ní kí n dúró. Ó ti rí àwọn ilé náà: ilé onígi ńláńlá tí wọ́n kọ́ sórí òpó gíga, omi sì ti wà lábẹ́ àwọn kan. Láti 2020, ilé tí òkun ti wó ní Rodanthe àti ní Buxton, abúlé mìíràn ní erékùṣù náà, ju mẹ́wàá lọ. Màmá bi mí pé ta ló ń gbé inú wọn. Mo ní olówó ló ni wọ́n, wọ́n ń fi háyà fún àwọn tó wá gbafẹ́. Ó ní, bó bá wó ńkọ́? Mo ní àwọn abánigbófò á san díẹ̀, pé ní 2023, àjọ tó ń bójú tó etí òkun náà tilẹ̀ ra méjì nínú wọn, wọ́n sì tú wọn palẹ̀ kí òkun tó dé bá wọn.

"Wọ́n fowó ra ilé tí òkun fẹ́ẹ́ jẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, bóyá mo ṣì í gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìrìn àjò sílẹ̀ díẹ̀. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ Aládùúrà kan tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun Ìlàjẹ. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, àpò kan ni owó ìlú ń wọ̀, ìlú náà sì gbèrú débi pé àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá ṣèwádìí nípa rẹ̀. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Etí òkun tiwọn kì í ṣe yanrìn bíi ti Lẹ́kí, ẹrẹ̀ ni, omi kì í sì í pẹ́ wọ́ ẹrẹ̀ lọ. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀, ó gbé ilé ìwé, ó ń gbé e lọ títí di òní. Wọ́n gbé iṣẹ́ odi tí yóò dá omi dúró fún agbaṣẹ́ṣe, ó ti tó ogún ọdún báyìí, odi ò fojú hàn. Ilé tí wọ́n bí Màmá sí, ẹja ló ń gbé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wá rà á lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ ṣe ń pariwo pé ìgbì dára, ìgbì dára, ohun tí ìyá wọn àgbà ń kà lójú omi yàtọ̀ sí tiwọn.

Èèyàn ò lè ṣàdédé wakọ̀ wọ etí òkun Hatteras. Ìwé àṣẹ wà, ti ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ti ọdún kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń rà á. Òfin ní kí o ní ṣọ́bìrì, jáàkì, pákó tí wàá tẹ́ sábẹ́ jáàkì kó má baà rì, àti géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Eré ò gbọdọ̀ ju máìlì 15 ní wákàtí kan. Wọ́n máa ń fi okùn dí ibi tí àwọn ẹyẹ kan ń yé sí lórí yanrìn, láti May títí di àárín November sì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò létí òkun ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí alábahun òkun lè rí àyè gòkè wá yé ẹyin. Gbogbo èyí bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ti táyà ló ṣe mí ní kàyéfì: wọ́n ní kí n tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti 35 wá sí 20.

Ẹ sọ irú ẹ̀ fún fọkanáísà ní Mushin, á bi yín bóyá ara yín dá. Àmọ́ òótọ́ ni. Táyà tó le ń gé yanrìn ni, kòtò ara rẹ̀ ló ń gbẹ́. Èyí tó rọ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, ìwúwo ọkọ̀ á pín sí ibi tó gbòòrò, ọkọ̀ á sì máa rìn lókè. Ọkọ̀ tí kò lẹ́rù lè fara da àṣìṣe díẹ̀. Èyí tó gbé kúlà méjì àti ìdílé kan ò lè fara dà á. Mo tún pa ẹ̀rọ tó máa ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù bí táyà bá ń yọ̀, nítorí lórí yanrìn, ìgbà tí o nílò agbára gan-an ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Màmá ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Ó bọ́ bàtà, ó ń lọ níwájú ọkọ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ wò, ó ń nawọ́ ibi tó bá le sí mi. Bí a ṣe dé ibi tí a fẹ́ dúró nìyẹn, wẹ́rẹ́.

A ti tẹ́ aṣọ, àwọn ọmọ ti wà lójú omi, nígbà tí jíìpù pupa kan sáré kọjá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ háyà ni, orin ń dún. Táyà rẹ̀ le koránkorán, a ò nílò géèjì láti mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ etí omi ló le, wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n dúró ya fọ́tò. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ gbéra, táyà ẹ̀yìn yí lójú kan. Awakọ̀ tẹná mọ́ ọn, ó rì dé ìdí. Omi sì ti ń kún bọ̀.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà lápá ọ̀tún wa tó ti ń fi ìwọ̀ pẹja láti àárọ̀. Mo kí i nígbà tí a dé, kò dá mi lóhùn, mo sì ti kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó rìn lọ bá àwọn ọmọ náà. Kò kí wọn, kò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, kò bú wọn. Ó kúnlẹ̀ sídìí táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́. Kí n tó gbé ṣọ́bìrì tèmi débẹ̀, obìnrin kan ti ń gbé pákó bọ̀, tọkọtaya kan ti ń fa okùn yọ nínú bùútù. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kankan. Àwọn ìbejì sáré jáde nínú omi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń fọwọ́ wa yanrìn tó gbé ikùn rẹ̀ dúró, torí bí ikùn bá ti jókòó sórí yanrìn, ẹsẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan.

Àwa Yorùbá, kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, a ó ti kọ́kọ́ kẹ́dùn pẹ̀lú ẹni tó rì. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu, báwo ló ṣe jẹ́, ta ló ń wà á? Àgbà kan á ti máa sọ ìtàn ọkọ̀ tó rì lójú òun ní 1978. Ẹnì kan á ti máa ṣe fídíò. Mo fẹ́ràn kíkí wa, mi ò ní fi ṣe pààrọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, omi ì bá ti dé inú ọkọ̀ kí a tó béèrè ará ilé. Nígbà tí mo bi obìnrin onípákó náà ìdí tí gbogbo wọn fi sáré bẹ́ẹ̀, ó ní ọkọ̀ tí òkun bá gbé á da epo sójú omi, wọ́n á ti etí òkun pa, ẹja òun àti ìgbì àwọn ọmọ mi ló máa bá a lọ. Ó wí i bí ẹni ń sọ iye tí búrẹ́dì jẹ́ lọ́jà. Èmi tí mo ti ń múra láti yìn wọ́n fún ojú àánú, mo gbẹ́nu mi dákẹ́.

Wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ọkùnrin yẹn. Ìgbì kan ti gbá ilẹ̀kùn. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọ tó jókòó sídìí ọkọ̀: rọra. Okùn le, pákó kígbe, jíìpù pupa náà jáde.

Màmá ti ń bu oúnjẹ. Ó bù fún àwọn tó rì, fún àwọn tó fà wọ́n yọ, fún àwọn tó wá wòran. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ sanwó, mo sáré gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí Màmá tó gbọ́. Ọkùnrin apẹja náà jẹ ìrẹsì, ata mú un, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó na abọ́ padà. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹja kan wá, ó ti yọ ìfun rẹ̀, ó fi lé Màmá lọ́wọ́. Òun ò gbọ́ Yorùbá, Màmá ò gbọ́ ju pijin díẹ̀ lọ. Ó tó wákàtí kan tí àwọn méjèèjì fi jókòó, tí wọ́n ń fọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń dẹ àwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń sá ẹja, ẹja tó ga dé ibí, èyí tó já okùn lọ. Kúlà méjèèjì ṣófo kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí jíìpù mi gòkè padà, ọ̀rọ̀ ẹrù tó pọ̀ jù tán síbẹ̀.

Ẹ máa bi mí nípa ìgbì. Àwọn ọmọ ní ó dára. Mo rí wọn tí wọ́n dìde, mo rí wọn tí wọ́n ṣubú, Kẹ́hìndé pẹ́ lórí tiẹ̀ ju Táyé lọ, ìjà ìyẹn ò tíì parí. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ rántí pé iyọ̀ ń jẹ irin: ẹ fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fẹ́ táyà yín padà kí ẹ tó wọ ọ̀dà.

Lọ́jọ́ tí à ń padà, a yà wo ilé iná atọ́nà tó wà ní Buxton, gogoro aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n kọ́ ní 1870. Òkun ti jẹ ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà kan. Ní 1999, wọ́n gé e kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi jáàkì gbé e sókè lódindi, wọ́n sì tì í lórí irin lọ sẹ́yìn fún ẹsẹ̀ bàtà 2,900. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 4,800. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń ṣàlàyé, mò ń túmọ̀.

"Wọ́n tì í?" Màmá ní. "Odindi rẹ̀?"

Mo ní odindi rẹ̀. Ó ní kí n béèrè ilé-iṣẹ́ tó tì í. Ọmọ náà dárúkọ International Chimney Corporation, ní Buffalo. Màmá ní kí n béèrè bóyá wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ wọn sílẹ̀ dáadáa, kí n sì tún bi í bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀.