Àkàrà Ẹ̀bá Ojú Irin

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ, tí ẹ ti fi ojú ara yín rí i bí ìkùukùu ṣe ń ká kúrò lórí àpáta wa láàárọ̀, mo fẹ́ kí a jọ padà sí ibùdókọ̀ ojú irin díẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dáhòmì, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Kútọnu lọ sí Paraku ló ń bọ́ àwọn ìyá àdúgbò wa. Bó bá ti fọn fèrè lókèèrè, eré dé: ẹlẹ́kọ, oníṣu sísè, ọlọ́sàn, ẹlẹ́yin awó, àwọn ìyá Fúlàní pẹ̀lú wàrà tí wọ́n ti fi pòròpórò ọkà bàbà rẹ dà pupa, oníkálukú á na igbá sókè lójú fèrèsé, òórùn epo gbígbóná á dàpọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀, èrò á máa pariwo, ṣéńjì á máa já bọ́ sáàárín òkúta.

Àkàrà ni ìyá mi ń dín. Ta ló fún un lówó òwò? Kò sí báǹkì tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀wà ló gbé ẹ̀wà fún un láwìn, tó ní, “Bí o bá tà á tán, wá san án. Bí kò bá tà, má sá fún mi, wá sọ ọ́.” Lálẹ́, lẹ́bàá àtùpà, ìyá mi á da owó sórí ẹní, á pín in sọ́nà mẹ́ta: ti ẹlẹ́wà lọ́tọ̀, ti èésú lọ́tọ̀, ti ọbẹ̀ lọ́tọ̀. Kódà bí ti ọbẹ̀ kò bá tó nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ kì í kan ti ẹlẹ́wà.

N kò ní purọ́ fún yín pé oyin ni ayé ìgbà náà. Òjò ká ìyá mi mọ́ lọ́jọ́ ọjà kan, lábẹ́ àtíbàbà eléwé tó ń jò bí asẹ́. Ẹ̀wà tó ti lọ̀ láti ìdájí kún fún omi, iná kú, epo ṣòfò. Kí a tó palẹ̀ mọ́, agbowó ọjà ti dé. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Ó tú ìdí aṣọ, ó sanwó, ó gba ìwé tíkẹ́ẹ̀tì pélébé kan tó ti rin kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mo ṣì ń rí ìwé náà títí dòní.

Lóde òní, ẹ̀yáwó wà. Lọ́dún 2007, ìjọba Yayi Boni, ọmọ Tchaourou tí kò jìnnà sí wa, bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin tálákà ní 30,000 fáráǹ sẹ́fà. Lọ́dún 2020, ìjọba Patrice Talon gbé ẹ̀yáwó Alafia jáde, tó ń gba orí fóònù wọlé. Ó dára, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, owó òwò kì í ṣe owó aṣọ ẹbí. Ẹni tó yá a lónìí tó sì fi ṣe ayẹyẹ lọ́la, ojú kì í tì í mọ́, nítorí ẹni tó yá a lówó kì í ṣe ìyá ẹlẹ́wà tí wọn ó jọ pàdé lódò.

Bẹ́ẹ̀, Kútọnu ni owó yẹn ti ń wá. Iṣẹ́ ti ilé ńkọ́? Òfin 97-029 ọdún 1999, tó wà títí di ọdún 2021, sọ ọ́ kedere pé kíkọ́ ọjà, títún un ṣe àti mímójú tó o, ọwọ́ kọmúùnù ló wà. Láti ọdún 2003 ni àwọn tí a fi ìbò yàn ti jókòó síbẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń ta igbá gààrí kan ṣoṣo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀: òrùlé, omi, iná alẹ́, ilé ìyàgbẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin kò gbé èrò mọ́. Etí títì ọlọ́dà ni àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn wà báyìí, tí wọ́n ń fi gààrí àti wàrà lé ọkọ̀ tó ń lọ sí Malanville, nínú oòrùn, nínú òjò. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nílé mérì, mo fi orúkọ ìyá mi bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà wá di páànù lórí wọn, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.