Ohun Tí Mo Gbà Gbọ́ Ní Ìlú Òkè Tí Kò Ní Òkè

Bí àlejò bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dá tí ó sì dé Oríòkè-Ìwàmímọ́, òkè ni yóò kọ́kọ́ máa fi ojú wá, kò sì ní rí i. Omi ni yóò rí, àti ẹrẹ̀, àti ilé tí a kọ́ sórí òpó, àti afárá pákó tí à ń rìn lé. Ní etíkun Ìlàjẹ, òkúta tí ènìyàn yóò fi fọ́ ẹ̀kùrọ́ kì í ṣe ohun tí à ń ṣèèṣì rí he. Kí ló wá dé tí a fi ń pe irú ibẹ̀ ní orí òkè?

Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tèmi fìdí sí. Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde lónìí, torí pé ìgbàgbọ́ tí ènìyàn kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, aṣọ àyálò ni.

Aláṣọ funfun ni wá. Ní ọdún 1925 ni Moses Orímóládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn tí wọ́n gbà á kọ òrìṣà àwọn baba wọn sílẹ̀, ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí màbo. Ní 1947 àwọn kan lọ tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, àpò kan ṣoṣo ni owó gbogbo wọn sì ń wọ̀. Àpò náà ti tú láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò parẹ́.

Ohun kìíní tí mo gbà gbọ́ ni pé ìwà ni òkè náà. Ẹ wo orúkọ ìlú wa dáadáa: a kò pè é ní òkè aṣọ mímọ́, a kò sì pè é ní òkè ohùn rara. Ìwà ni a pè. Funfun aṣọ kì í ṣe funfun inú. Obìnrin tí kò fi ẹja jíjẹrà sí abẹ́ tuntun nínú agbọ̀n rẹ̀ ti gun òkè náà, bí kò tilẹ̀ ríran rí.

Èkejì, mo gbà gbọ́ nínú àdúrà, àmọ́ n kò gbà pé àdúrà ni kí a fi ṣe ọ̀lẹ. Mo máa ń gbàdúrà sí omi. Mo sì máa ń sè é kí n tó mu ún. Bí ibà bá mú ọmọ, mo máa ń kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọlọ́run kan náà ló ni orúnkún àti àjẹ̀.

Ẹ̀kẹta, n kò lè sọ pé iná ọ̀run ni ilé àwọn baba ńlá mi tí wọ́n sin Malòkun. Ẹni tí ó bẹ̀rù òkun, tí kò sì jẹ́ fi orúkọ rẹ̀ búra èké, Ẹni tí ó dá òkun ni ó ń wá nínú òkùnkùn. Mo mọ̀ pé àwọn alàgbà kan kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro jù. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni òkun ti ń jẹ etíkun wa. Ní Ayétòrò, ó ti gbé ilé lọ, ó gbé ọ̀nà, ó sì gbé ibojì pàápàá. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. N kò gbà. Ilé ọ̀mùtí àti ilé aládùúrà ni omi gbé. Àwọn onímọ̀ sọ pé ayé ń gbóná, òkun sì ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tiwa kò ga rárá. Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í fi omi na ọmọ ọwọ́.

Ìyá mi kò fẹ́ kúrò. Wọ́n ní, "Ṣé kí n fi ilẹ̀ mímọ́ sílẹ̀ fún ẹja?" Mo dá wọn lóhùn pé, "Ìyá, ẹ rántí obìnrin ará Samáríà létí kànga. Jésù kò fi òkè kan hàn án pé ibẹ̀ nìkan ni kí ó ti máa sìn." Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa lu agogo?"

N kò rí èsì fún wọn. Mo gbà gbọ́ pé ẹni tí ó bá kúrò kò sá fún Ọlọ́run bíi Jónà. Mo sì gbà gbọ́ pé ẹni tí ó bá dúró láti lu agogo kì í ṣe òmùgọ̀. Kí a máa ké sí ìjọba kí wọ́n dí omi fún wa, àdúrà ni èyí náà. Bí ilẹ̀ bá sì lọ níkẹyìn, ìwà ni ẹrù tí a óò kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ gbà gbọ́? Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọmọ yín lálẹ́ òní. Ó dàbọ̀ o.