Àwọn Igi Tí Òtútù Kò Rí Pa

Ìlà agbedeméjì ayé gba ẹsẹ̀ Òkè Kẹ́ńyà kọjá, síbẹ̀ lókè tó ju 4,000 mítà lọ, omi máa ń dì lọ́pọ̀ òru nínú ọdún. Láti Naro Moru la ti gùn ún. A la igbó kìjikìji kọjá, a la ọparun kọjá, a tún wọ́ inú ẹrẹ̀ gígùn kan tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, kí a tó yọ sí Àfonífojì Teleki. Àwọn igi ibẹ̀ ni mo torí wọn gòkè.

Dendrosenecio keniodendron ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ó ga ju èèyàn méjì lọ, orí rẹ̀ ni gbogbo ewé tútù rẹ̀ kó jọ sí. Ewé tó bá kú kì í já bọ́. Ṣe ni wọ́n ń rọ̀ mọ́ ìtì igi náà yíká, bí ẹni wọ agbádá lé agbádá. Ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ Yúróòpù ń wọ́wé nígbà òtútù, wọ́n á sì fi oṣù mélòó kan sinmi. Tibí ò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn á ta lọ́sàn-án, omi á dì lóru, ilẹ̀ á mọ́, á tún di bákan náà. Ìsinmi wo ni igi fẹ́ rí níbẹ̀?

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, amọ̀nà wa, ọmọ Kìkúyú, ní kí n máa wo orí igi kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, àwọn ewé tó nà gbalaja lọ́sàn-án ti gbéra sókè, wọ́n ti ká ọ̀mùnú mọ́ àárín. Ní ìdájí, mo fọwọ́ kan ewé ìta: ó ti dì gan. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú. Kí oòrùn tó ga, ó ti dẹ̀, kò sí ojú egbò kankan lára rẹ̀.

Ibi tí yìnyín jókòó sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí omi bá dì sínú sẹ́ẹ̀lì ewé, yìnyín á bà á jẹ́, ó parí nìyẹn. Ewé yìí máa ń jẹ́ kí omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, kó lọ dì sí àlàfo tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Oje tó ṣẹ́ kù sínú á wá ki, oje tó bá sì ki kì í tètè dì. Bí yìnyín bá yọ́ láàárọ̀, omi á padà sílé rẹ̀.

Lobelia keniensis gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń gbá omi jọ sáàárín ewé rẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ omi ọ̀hún. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀: yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, omi lábẹ́. Omi tó ń dì máa ń tú ooru sílẹ̀, nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò bá tíì dì, òtútù tó ń pani kò lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀mùnú. Ti Lobelia telekii tilẹ̀ yà mí lẹ́nu ju ti gbogbo wọn lọ. Òpó òdòdó rẹ̀ ní ihò nínú, omi sì wà nínú ihò náà. Lọ́dún 1979, àwọn olùwádìí kọ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ohun kan wà nínú omi náà tó ń mú un yára dì, kí ooru lè tú jáde lásìkò. Igi tó ń fúnra rẹ̀ pe yìnyín!

Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Omi tí igi àkọ́kọ́ yẹn tọ́jú sínú ìtì rẹ̀ ló ń fún ewé mu láàárọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dì; ewé gbígbẹ yẹn ló ń bò ó lọ́wọ́ òtútù. Ní òkè Áńdíìsì ní Fẹnẹsúẹ́là, níbi tí Espeletia, ìbátan rẹ̀, ń gbé irú ayé kan náà, àwọn olùwádìí Goldstein àti Meinzer bó ewé gbígbẹ kúrò lára àwọn kan, wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ lọ́dún 1983: òtútù wọ inú ìtì, omi kò lè gòkè mọ́, àwọn igi náà kú. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí amọ̀nà wa sí àwọn arìnrìn-àjò tó ń ya ewé náà láti fi dáná. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà ọgbà Òkè Kẹ́ńyà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewé tó ti kú lára igi tó wà láàyè.