Aṣọ Òmùwẹ̀ Há Mọ́ Mi Lára Ní Gbági

Ẹni tí ó bá ní òun mọ Ìbàdàn tí kò mọ Gbági, kò tíì mọ Ìbàdàn délé. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú wa ní ọdún 1901 ni àwọn òyìnbó oníṣòwò ti ń kọ́ ilé ọjà sí ìhà ibẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánóònù tẹ̀lé wọn, débi pé títì kan ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn títí di òní. Kòkó Háòsì alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965, ń wo gbogbo rẹ̀ láti Dùgbẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ aláṣọ ti kó lọ sí Gbági Tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ní Gbági àtijọ́ títí dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Ògùnpa, kò sí ohun tí ènìyàn lè fi bo ara tí kò ní rí rà. Èmi tilẹ̀ rí èyí tí n kò wá.

Oṣù keje ni, òjò kò sì sinmi. Láti Bẹẹrẹ ni mo ti ń gun alùpùpù lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́, bí mo bá sì dé iwájú àwọn ọmọ, bí adìyẹ tí òjò pa ni mo ń rí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo fi náírà 6,000 sápò, mo gba Àgbẹni sọ̀kalẹ̀ lọ ra aṣọ òjò. Lórí àtẹ olókìríkà kan ni mo ti rí aṣọ rọ́bà dúdú, tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó nípọn, ó sì rọ̀ bí tìmùtìmù. Inú mi dùn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Èló ni aṣọ òjò yìí?"

Bírò mẹ́ta tí ó wà ní àpò mi ti tú mi fó. Ìyá dáhùn pé, "Tíṣà, ṣé ẹ mọ ohun tí ó jẹ́? Èmi kò mọ̀ ọ́n o. Inú béèlì ni mo ti bá a."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ àrùn tí ń ṣe wá: ẹni tí ń kọ́ni kì í fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Mo ní, "Aṣọ òjò àwọn òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò."

Wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá fà á dé orúnkún, a tún sún padà sí ọrùn ẹsẹ̀. Mo fò sókè, mo fìdí jókòó, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Nítorí pé iwájú ni mo mọ síìpù ẹ̀wù sí, iwájú ni mo kọ síìpù rẹ̀ sí. Nígbà tí ọmọ ìyá náà bá mi fà á dé ọrùn, n kò lè ká apá kò mọ́, n kò lè mí kanlẹ̀, òógùn sì ń ṣàn bí ẹni pé inú aṣọ náà gan-an ni òjò ti ń rọ̀.

Mo ní kí n bọ́ ọ. Kò bọ́. Síìpù há. Ọmọ fà á, ìyá fà á, alátẹ ẹ̀gbẹ́ wọn fà á. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má wo ibẹ̀ o, Olóòlù ti jáde!" Àwọn ìyá fọwọ́ bojú, wọ́n sì ń yọjú wò mí láàárín ìka. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣú, etí mi sì ń hó. Kì í ṣe eré mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó ti bá àwọn eléépo ṣiṣẹ́ rí lójú òkun níhà Wàrì, ni ó gbà mí. Ó ní, "Ẹ má fà á mọ́! Aṣọ òmùwẹ̀ ni, aṣọ àwọn tí ń mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ bu omi ọṣẹ wá." Ó fi omi náà pa síìpù, ó da ìyókù sí mi lọ́rùn. Síìpù tú. Ó wá ń yí inú aṣọ náà síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, láti èjìká dé ẹsẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn kàn mí lára, ṣòkòtò péńpé nìkan ni ó kù sí mi nídìí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀yìn ni síìpù irú èyí ń wà, àti pé ẹnìkejì lè bá ẹni fà á. Rọ́bà náà kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí gáàsì wà nínú wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí òtútù tètè wọlé. Omi díẹ̀ a wọ àárín aṣọ àti ara, ara a sì mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí aṣọ bá dẹ̀, omi tútù a máa wọlé, èyí tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ a sì máa ṣàn lọ. Ìdí nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ há. Lórí ilẹ̀, ooru ara kò ríbi jáde nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá pẹ́ níbẹ̀ lè dákú. Mo kà á lẹ́yìn náà pé Hugh Bradner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ni ó ronú kan irú aṣọ yìí ní nǹkan bí ọdún 1952, àti pé pàúdà ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́ ń kun ara kí wọ́n tó lè wọ inú rẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni ó fìyà jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ́ kí ẹ̀rín wa pẹ́. Ó rán wa létí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tí ó dojú dé lójú òkun níhà Escravos ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Nínú ènìyàn 12, òun nìkan ni ó yè. Ó wà nínú òkùnkùn ní ìsàlẹ̀ omi fún nǹkan bí wákàtí 60, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá kan ni ó ń mí. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá kó. Alààyè ni wọ́n bá. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ yá, wọ́n fún un ní ohun ìmí, wọ́n dé akoto òmùwẹ̀ sí i lórí, wọ́n sì mú un jáde. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n wọ̀, ẹlòmíràn ni ó wọ̀ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, òun pàápàá kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀.

Ìyá olókìríkà dákẹ́. Ó nawọ́ sí ìhà odò Ògùnpa. Ó ní, "Tíṣà, ọmọdébìnrin ni mí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí omíyalé dé. Omi kó ilé, ó kó ènìyàn. Ọwọ́ ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí ni ó fà mí gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Títí di òní, n kò mọ orúkọ rẹ̀."

Kò gba kọ́bọ̀ lórí aṣọ òmùwẹ̀ náà. Aṣọ òjò gidi ni ó wá fún mi, náírà 4,000, mo sì wọ̀ ọ́ délé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, "N kò mọ̀," ìbá ti gbà mí lọ́wọ́ gbogbo ìyà yẹn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdé, ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè tí n kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ti fẹ́ là á mọ́lẹ̀ bí ìṣe mi, ni mo bá rántí síìpù. Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a." Ara tù mí bí ìgbà tí aṣọ náà bọ́.